Ajá Tí Wọ́n Ń Nà Bí Ó Bá Ti Dé

Ọkùnrin kan wà ní abà kan lẹ́bàá odò. Ọdẹ ni, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ràn tó ajá rẹ̀. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí bí o bá gbọ́ ohun tí ó ṣe, o lè rò pé ìkà ènìyàn ni. Kì í ṣe ìkà. Láti ìgbà tí ajá náà ti wà lọ́mọdé ni ó ti ń gbé e sínú àpò ọdẹ rẹ̀ káàkiri, tí ó ń já nínú ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ fún un jẹ. Abo ajá ni, ó pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Tètèdé ni ó sọ ọ́.

Nígbà tí Tètèdé fi máa dàgbà tó ajá tí í tẹ̀lé ọdẹ, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà rò ó pé ajá tí kò gbọ́ ìpè àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì di ajá. Igbó a máa dí nígbà òjò, odò a sì máa kún láìròtẹ́lẹ̀. Ajá tí kò bá wá nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè é lè bá omi lọ. Èrò yìí kò burú rárá. Ohun tí yóò dáàbò bo ajá náà ni ó fẹ́ kọ́ ọ, ó sì pinnu pé inú òjò gan-an ni òun yóò ti kọ́ ọ.

Bí òjò bá ti ń rọ̀, ọkùnrin yìí á mú pàṣán, á lọ dúró sáàárín àgbàlá, á súfèé. Tètèdé á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wo ọ̀gá rẹ̀, á wo òjò, á gbé ẹsẹ̀ kan, á tún gbé e padà sílẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, á ki ìrù bọ itan, á sì wá. Bí ó bá ti dé, pàṣán á bà á lẹ́yìn.

"Pípẹ́ tí o pẹ́ nìyẹn," ni ọkùnrin náà á máa wí.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń wò wọ́n láti ilé ìdáná. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, á tẹ́ àpò ògbólógbòó sẹ́bàá ààrò, á fi àkísà nu ajá náà gbẹ, á ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti yọ ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó há síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, baálé mi," ó ní, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dúró síbi tó gbẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sáré kúrò nínú òjò wá bá yín. Bó bá dé, ẹ fún un ní orí ẹja. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ wá máa jìnnà díẹ̀díẹ̀. Bí àrá bá sì ń sán, ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kúkú gbé e pọ̀n? Ajá tó bá ti jókòó ti ààrò kì í ṣe tọdẹ mọ́, tìẹ ni."

Gbogbo ọdẹ agbègbè yẹn ni wọ́n gbà pé ooru ààrò máa ń ba imú ajá jẹ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ nu ajá náà mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìta ni Tètèdé ń gbẹ sí.

Ìwọ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lójú ọkùnrin náà, pípẹ́ ni ó ń nà. Ṣùgbọ́n ajá kò mọ ohun tó ń jẹ́ pípẹ́. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan òun, àfìgbà tí òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta òun. Dídé ni ọkùnrin yìí ń nà.

Èyí tó wá burú ni pé ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ náà ń wọlé. Ajá á máa fi ikùn wọ́lẹ̀ bọ̀ kíákíá bí súfèé bá ti dún. Ọkùnrin náà pe àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n yìn ín, inú rẹ̀ sì dùn. Kò sí ẹni tó wo ojú ajá náà nínú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọkùnrin náà àti Tètèdé ń ti igbó òdìkejì odò bọ̀ wálé, ni òjò ńlá bá ká wọn mọ́. Kí wọ́n tó dé etídò, omi ti ń ru. Ó ṣẹ́ igi kan tí yóò fi máa wọn ibi tí omi jìn dé, ó sì kọ́kọ́ sọdá. Tètèdé tẹ̀ lé e títí dé orí àpáta kan láàárín omi, níbẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á tí ó dúró. Omi tó kù níwájú rẹ̀ kò pọ̀, ajá lè fò ó já. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi ti gbòòrò, tí ó sì ń yára kún.

Ọkùnrin náà yíjú padà nínú òjò. Ó súfèé.

"Tètèdé! Máa bọ̀! Máa bọ̀ kíákíá!"

Ẹ̀rù ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ le. Ó gbé igi sókè láti fi júwe ibi tí kò jìn fún un. Kí ni ajá wá rí? Ó rí òjò, ó gbọ́ súfèé, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tí ó na igi sókè. Etí rẹ̀ rọ̀, ó ki ìrù bọ itan, ó sì yí padà sí ẹ̀yìn.

"Jọ̀ọ́, Tètèdé mi! Mi ò ní í nà ọ́!"

Ajá náà kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí. Omi gbé e. Ọkùnrin náà sáré tẹ̀ lé etídò, ó ń pè é títí ohùn fi há. Ìgbà tí ó fẹ́ nu ojú rẹ̀ ni ó tó rí i pé igi náà ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ọkùnrin náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Obìnrin náà kò sọ pé òun ti wí fún un tẹ́lẹ̀. Ó kàn jókòó ti ààrò, ó ń sunkún. Ọkùnrin náà ì bá fẹ́ kí ó bú òun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ ajá lọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ó ní òun ní èyí tí ó ń jẹ́ ìpè tẹ́lẹ̀, òun sì fi ọwọ́ ara òun kọ́ ọ bí yóò ṣe sá fún òun.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo sọ ìtàn yìí fún. O wá fi ẹjọ́ ọmọ rẹ sùn mí pé kì í wálé mọ́. Mo bi ọ́ ní ohun tí o sọ fún un nígbà tí ó wá gbẹ̀yìn. O ní o bá a wí pé ó pẹ́ kó tó wá. Mo bi ọ́ ní ti ìgbà tó ṣáájú, ohun kan náà ni o tún wí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ọdẹ yẹn náà fẹ́ràn ajá rẹ̀.

Ọmọ tìrẹ ṣì wà láàyè. Bí ó bá tún kanlẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọdún, má bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Fún un ní aṣọ gbígbẹ, kí o sì bu oúnjẹ fún un. Jẹ́ kí ó mọ̀ pé ibi tí ó dé sí dára.