Ọ̀já Pupa Ọrùn Àgbọ̀nrín

Látúnjí ará Òkè-Apá kò lè jẹ́ kí oòrùn kan wọ̀ láìfi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló kó ẹyin awó sábẹ́ adìẹ ìyálé kan, tí obìnrin náà fi ń sáré kiri inú igbó lẹ́yìn àwọn òròmọdìẹ tí kò mọ adìẹ náà níyàá. Òun náà ló da omi sínú agbè ẹmu àwọn àgbà, tí wọ́n mu ún tán, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní ẹmu náà ti ń pa òun. Bí wọ́n bá lé e mú, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn tó fẹ́ nà án a sì bú sẹ́rìn-ín. Kò burú. Kò sí ẹni tó lè di Látúnjí sínú.

Ohun tó yani lẹ́nu ni ibi tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìlú, níbi tí oko parí sí tí igbó kìjikìji sì bẹ̀rẹ̀, àgọ́ kan wà tó kún fún aláàárẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kan nínú wọn. Ẹyẹ tí apá rẹ̀ ṣẹ́, ọmọ ọ̀bọ tí ìyá rẹ̀ kú, ẹtu tí tàkúté gé lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹfúnwùmí ló dá a sílẹ̀; Ìyá Àgọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bámgbópàá tó ń to eegun ni igbákejì rẹ̀. Ọkùnrin yìí lè fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ àti ewé to ẹsẹ̀ àparò tó ṣẹ́, kí àparò náà sì tún padà wá fi ẹsẹ̀ ọ̀hún hú àgbàdo inú oko rẹ̀.

Òfin àgọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo níbẹ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sókè, kò sì gbọdọ̀ bá ẹranko sọ̀rọ̀. Ìyá Àgọ́ a máa sọ pé ẹran ìgbẹ́ tó bá fẹ́ràn ohùn ènìyàn, inú ìsàsùn ni yóò ti bá ara rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rín tí Látúnjí bá ti gbé mì láti àárọ̀, ẹ̀yìn ọgbà ló ń tú u sí nírọ̀lẹ́. Ó dà bí ẹni tó ru omi tó kún, tó sì ń wá ẹni tí yóò dà á lé lórí.

Gbogbo ìlú ló ń ran àgọ́ náà lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ń kó ewé ànàmọ́ wá, àwọn tó ń po ẹ̀kọ ń gbé èèrí wá, àwọn ọdẹ pàápàá, tó jẹ́ pé ẹran ni oúnjẹ wọn, ti bá Ìyá Àgọ́ mulẹ̀. Bí ẹranko kan bá sàn, wọn a so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìko ni wọ́n fi ń hun ọ̀já náà, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú osùn títí yóò fi pọ́n ròrò. Ohun tó bá so ó, ọdẹ kò gbọdọ̀ ta á lọ́fà, àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lókò, bó tilẹ̀ ń jẹun láàárín oko rẹ̀. Òjò ọdún kan ni ìko náà ń gbà kó tó jẹrà, kó sì já bọ́. Nígbà náà, ẹranko ọ̀hún a ti rántí eré ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì ti rántí pé ẹ̀rù ènìyàn yẹ kó máa ba òun. Kálukú a wá máa ṣe tirẹ̀ lọ.

Látúnjí ló ń hun ọ̀já náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì sí ẹni tó lè hun ún bíi tirẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Ọdẹ́rìndé, olórí ọdẹ ìlú, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì fẹ́ràn láti máa yin ojú ara rẹ̀. "Ojú mi yìí," a máa wí, "kò sí ohun tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn tó lè tàn án." Ó sọ ọ́ létí Látúnjí lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, awọ àgbọ̀nrín tó gbẹ lára ògiri ilé bàbá Látúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Látúnjí ní òbúkọ ńlá kan. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ, ó da awọ náà bo òbúkọ lẹ́yìn, ó rán an lábẹ́ ikùn, ó so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì tì í wọ inú oko ẹ̀wà Ọdẹ́rìndé. Ó ti kó bí ènìyàn mẹ́wàá pamọ́ sínú igbó etí oko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, wà lára wọn, ó fi ìró di ẹnu.

Ọdẹ́rìndé dé. Ó rí awọ, ó rí ọ̀já. Ó gbé ọfà rẹ̀ lélẹ̀, ó sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Àlejò Ìyá Àgọ́," ó ní, "ẹ kú oúnjẹ o."

Òbúkọ ń jẹ ewé ẹ̀wà lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Bí ẹ bá yà sápá ọ̀tún yẹn, oko Ajíbíkẹ́ ni. Ewé tirẹ̀ tutù ju tèmi lọ."

Òbúkọ gbé orí sókè, ó wò ó lójú, ó ní, "Mbẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú igbó bí ìgbà tí àgbá bá dún. Ajíbíkẹ́ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń yí nílẹ̀.

"Àna mi," ni Ọdẹ́rìndé wí, "ìwọ nìyí?"

"Èmi kọ́ o!" ni Látúnjí dáhùn. "Àlejò Ìyá ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kí yín ni?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọmọdé ti fi kọrin: "Ọdẹ́rìndé kí òbúkọ, òbúkọ jẹ́ ẹ o! Mbẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ibi tó bá yà sí, orin ń bá a yà síbẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò jà. Ní ìpàdé àwọn ọdẹ nìkan ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n ti fi ọ̀já mú mi lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní fi mú mi lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá tún wọ oko mi, bó so ọ̀já mẹ́wàá mọ́rùn, inú ìkòkò ni yóò sùn." Àwọn ọdẹ yòókù mi orí. Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Látúnjí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún.

Ìyá Àgọ́ ni kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ó wá bá a níbi tó ti ń hun ìko.

"Látúnjí, kí ni mo gbọ́ yìí?"

"Ìyá, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, èmi náà rẹ́rìn-ín." Ó mú ọ̀já kan nílẹ̀, ó fi han án. "Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe okùn lásán. A kò lè tẹ̀ lé ọdẹ wọ inú igbó ká máa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀já yìí ló ń bá wa bẹ̀ ẹ́. O ti wá sọ ọ́ di onírọ́. Lọ bá àna rẹ, kí o dọ̀bálẹ̀ fún un. Lọ bá àwọn ọdẹ níbi ìpàdé wọn, kí wọ́n tún fi ẹnu ara wọn sọ pé ìmulẹ̀ wa ṣì dúró. Títí wọn yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, àgbọ̀nrín yẹn kò ní jáde."

Abo àgbọ̀nrín kan wà ní àgọ́ nígbà náà. Tàkúté ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìyá Àgọ́ àti Bámgbópàá fi tọ́jú rẹ̀, ó sì ti sàn. Oyún wà nínú rẹ̀.

Látúnjí gbéra lóòótọ́. Ó ku díẹ̀ kó dé ilé Ọdẹ́rìndé, ló bá pàdé àwọn ọmọdé tí ń kọrin òbúkọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n ní kó wá ké bí òbúkọ fún àwọn. Ó ké e. Ẹ̀rín sọ. Ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí báyìí, báwo ni yóò ṣe lọ dọ̀bálẹ̀? Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó ní ó di ọ̀tunla. Ọjọ́ márùn-ún lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara lu ọgbà, ó ń wo ọ̀nà igbó. Bámgbópàá ní bó bá pẹ́ sí i, yóò tún ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, tàbí kó bímọ sínú ọgbà. Ìyá Àgọ́ yíjú sí Látúnjí.

"Ṣé o ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

Irọ́ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ rárá. "Wọ́n ti gbọ́, Ìyá. Àna mi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Ìyá Àgọ́ wò ó pẹ́ díẹ̀. Bóyá nítorí pé ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbà á gbọ́. Látúnjí fúnra rẹ̀ ló so ọ̀já náà, òun ló sì ṣí ọgbà. Àgbọ̀nrín náà tiro fún bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó rìn, ó sáré, igbó sì bò ó. Látúnjí ní òun yóò lọ bá àwọn ọdẹ lọ́la.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ní kùtùkùtù. Ọdẹ́rìndé ni. Ó gbé àgbọ̀nrín kọ́ èjìká, ọ̀já pupa ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sẹ́yìn ọkùnrin náà. Kò rí ojú ẹlòmíràn, àfi ti Látúnjí.

"Mo pè ọ́," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́. Mo ní, 'Àna mi, jáde, mo ti rí ọ.' O ò dáhùn."

Látúnjí na ọwọ́ kan ọ̀já náà.

"Kò sá. Ó dúró láàárín ẹ̀wà, ó ń wò mí. Mo ní bó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ni, ṣebí ì bá ti sá. Bí kò ṣe sá yẹn ni mo fi gbà pé òbúkọ rẹ ni."

Àgbọ̀nrín náà ṣì ń mí. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Bámgbópàá fa ọfà yọ láìjẹ́ kí ẹran ya, ṣùgbọ́n oró ẹnu ọfà ti wọ ara. Ìyá Àgọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ ewé àti egbò ní Òkè-Apá, wọ́n sì wá: ẹni tó ń pa oró ejò, ẹni tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, agbẹ̀bí, àwọn arúgbó tó ti gbàgbé ọjọ́ orí wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò gbàgbé ewé kan. Àwọn àgbà ìlú náà wá jókòó. Oníkálùkù ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, àgbọ̀nrín náà na ẹsẹ̀ tí wọ́n ti tò fún un, ó kú. Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ìyá Àgọ́ kò gbé ojú sókè. "Látúnjí, ṣé lóòótọ́ ni o bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Rárá, Ìyá."

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ lójijì.

"Ká ní mo lọ ní ọjọ́ kìíní," ni Látúnjí wí. "Mo dé ẹ̀gbẹ́ ilé yín, àna mi. Mo rí èéfín ààrò yín. Ká ní mo kàn wọlé." Ó kúnlẹ̀ sí àárín àwọn àgbà náà, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin lẹ to eegun àparò. Ẹ̀yin lẹ pa oró paramọ́lẹ̀. Ẹ fún mi ní nǹkan mu. Ohun kan ń jẹ mí níhìn-ín, ẹ bá mi mú un kúrò."

Bámgbópàá na ọwọ́ sí àpò rẹ̀, ọwọ́ náà dúró lẹ́nu àpò, ó sì fà á padà. Ó wo agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí wo ẹni tó ń pa oró. Gbogbo wọn wo ara wọn yíká, títí ojú fi padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgọ́.

"A mọ̀ ọ́n, ọmọ mi," ni Ìyá Àgọ́ wí. "Àbámọ̀ ni. Gbogbo wa tí o rí yìí, kò sí ẹni tó mọ ewé rẹ̀."

Lẹ́yìn ọgbà, níbi tí Látúnjí so ó mọ́, òbúkọ ké: "Mbẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọdẹ tún ìmulẹ̀ náà ṣe nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé kò gbin ẹ̀wà sí oko yẹn mọ́, kò sì yin ojú rẹ̀ mọ́. Látúnjí ń hun ọ̀já lọ, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ nínú àgọ́, ó sì dákẹ́ lẹ́yìn ọgbà. Èyí tí wọ́n tú lọ́rùn àgbọ̀nrín náà, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Òjò ọdún kan lu ìko náà, ó jẹrà, ó sì já bọ́. Ohun tó wà nínú Látúnjí kò já.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nídìí ẹní ọjọ́ náà ló ti àgọ́ wọ ìlú, tó di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní, pé: Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe, àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn.