Ẹja Tí Omíṣadé Rù Lọ sí Ìsun

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ odò. Ọ̀dàn ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Ebúté, láti ìlú kan tó jẹ́ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kí wọ́n tó rí omi bu. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan odò Ọ̀létè, tó tẹ́ rẹrẹ bí ẹni pé kò ní òdìkejì, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló dì mú títí wọ́n fi wọlé. Omílànà, ọkọ rẹ̀, fi rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà kò pẹ́ láyé. Ibà ló pa á nígbà tí Omíṣadé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Láti ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ti ń fi ojú méjèèjì ṣọ́ ọmọ yìí. Bí ọmọ bá pẹ́ díẹ̀ létí odò, ìyá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi etí aṣọ nu ojú tí kò làágùn.

Ní ayé ìgbà náà, májẹ̀mú kan wà láàárín Ebúté àti Ìsun. Ìsun ni Ọ̀létè ti ń ru jáde lábẹ́ àpáta. Ebúté ló ti ń fẹ̀ wọ inú ọ̀sà. Lọ́dọọdún, àwọn ará Ebúté a mú ààyè ẹja kan sínú ìkòkò. Ọmọbìnrin tí kò tíì wọ ilé ọkọ ni yóò rù ú, yóò fẹsẹ̀ rìn ín létí odò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, yóò sì tú u sílẹ̀ lójú ìsun, kí ìran ẹja má baà gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí ẹja bá dé láàyè, àwọn ará Ìsun a fi odò sílẹ̀ kó ṣàn bó ti wù ú. Bó bá kú lọ́nà, wọ́n a fi ọgbà ọparun dí odò, ẹja kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ mọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Ẹni tó ru ìkòkò kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ibi tí etí rẹ̀ kò ti ní gbọ́ ohùn odò. Ìyá rẹ̀ lè tẹ̀ lé e bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kò gbọdọ̀ kan ìkòkò.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí à ń sọ, ẹja kú lọ́nà. Wọ́n ní omi tí wọ́n fún un ni kò mọ́ tó. Àwọn ará Ìsun dí odò lóòótọ́, ata àti iyọ̀ lásán ni Ebúté fi jẹ ọkà lọ́dún náà, adìẹ sì ń yé sínú àwọ̀n àwọn apẹja. Nígbà tí àkókò tún tó, kò sí ilé tó fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ. Wọ́n jiyàn títí ẹ̀ẹ̀rùn tí í ṣe àkókò ìrìn náà fi kọjá, tí òjò sì ń ṣú.

Níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń jiyàn náà ni Omíṣadé ti kúnlẹ̀, tó ní òun yóò rù ú.

Àwẹ̀ró fò dìde. "Ìwọ ta ni? Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ fi rìn ín?"

"Méjèèjì tí ẹ bí mọ́ mi ni, Ìyá mi."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró nìkan ni kò rí i rín.

Ẹja àrọ̀ dúdú kan ni wọ́n mú, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bíi ti àgbà ìlú. Láníyọnu, àbúrò Omílànà, ló gba ẹrù oúnjẹ. Bó ti gbé e lé orí, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé gbogbo ilé lo dì sínú ẹrù yìí ni? Ọlọ nìkan ni mi ò tíì rí."

"Ẹ wò ó dáadáa, ọkọ mi, ó wà nísàlẹ̀."

Akèrègbè omi ni Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ gbé. Omi tó tòrò ni wọ́n fi ń pààrọ̀ omi ẹja láti ayébáyé, nítorí wọ́n ka ẹja náà sí àlejò pàtàkì, a kì í sì í bu omi rírú fún àlejò. Àwẹ̀ró ti fi aṣọ funfun sẹ́ ti inú akèrègbè yìí, ó tún un sẹ́, títí ó fi mọ́ gaara bí ojú ọmọ tuntun. Ó ti dá a lójú pé bí wọn kò bá ti rú òfin omi, kò sí ohun tí yóò ṣe ẹja, kò sì sí ohun tí yóò ṣe ọmọ.

Wọ́n rìn. Ọ̀nà etí odò gba inú igbó ògùrọ̀, ó gba ẹ̀yìn oko iṣu, ó yípo àpáta níbi tí odò ti ń pariwo bí ọjà. Níbi gbogbo tí wọ́n bá dé, àwọn ènìyàn a jáde sí bèbè.

"Ẹ kú ìrìn o, ará ìsàlẹ̀! Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí!" ni Láníyọnu yóò fi ohùn rara dáhùn, bí ẹni pé òun ló rù ú.

Ẹ̀yìn ni Àwẹ̀ró ń rìn, tó ń wo ọrùn ọmọ rẹ̀ tó dúró ṣinṣin lábẹ́ ìkòkò. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ dáwọ́ dúró, ó ní, "Ọmọ ta nìyí tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń kí?" Àwẹ̀ró gbọ́. Orí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kó dùn ún tán. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun, ẹsẹ̀ ọmọ náà ló gbé lé itan, tó ń wá ẹ̀gún, tó ń fi òrí ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá mi, kò sí ẹ̀gún níbẹ̀."

"Jẹ́ kí n wá èyí tí kò sí."

Ìrìn wọn kò ṣẹ́ kù púpọ̀ mọ́ nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lókè odò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀létè ti kún dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Omi pupa ń yí kítikìti, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Ọ̀nà ti rì. Àwọn igi ògùrọ̀ dúró sínú omi títí dé ìbàdí bí ẹni tó ń wẹ̀. Orísun kékeré tí wọ́n ń gbójú lé láti tún pọn omi mímọ́ náà ti wọ inú àgbàrá, bẹ́ẹ̀ ni akèrègbè Àwẹ̀ró ti gbẹ.

Nínú ìkòkò, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹja náà léfòó, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ikùn rẹ̀ sì ń yí sí ẹ̀gbẹ́.

Láníyọnu na ọwọ́ sí òkè. "Ẹ jẹ́ ká gba orí òkè yí ká. Ta ni yóò sọ fún àwọn ará Ìsun?"

"Ẹja ni yóò sọ, Bàbá," ni Omíṣadé dáhùn. "A ò ní gbọ́ odò lórí òkè, kò sì sí omi níbẹ̀. Kí a tó sọ̀, ó ti kú."

Ìpayà ti mú Àwẹ̀ró. "Omíṣadé, Àbẹ́jẹ mi, jẹ́ ká padà sílé. Kí ẹja kú, kí ìwọ yè. Ata àti iyọ̀ tí a fi jẹ ọkà lọ́dún tó kọjá kò pa Ebúté."

Omíṣadé sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí òkúta, ó mú igbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ létí omi pupa. Nígbà tí ìyá rí ohun tó fẹ́ ṣe, ó figbe ta.

"Má dà á sí i! Omi tí mi ò lè rí ọwọ́ ara mi nínú rẹ̀! Yóò fọ́ ẹja lójú, yóò pa á!"

"Ìyá mi, ta ló ń sẹ́ omi fún àwọn tó kù nínú odò?"

Ó da omi wọ́ọ́rọ́ nù, ó fi ọwọ́ di ẹja mú kó má bọ́, ó sì bu omi pupa kún ìkòkò. Ẹja rì. Wọn kò rí i mọ́. Àwẹ̀ró dúró lórí ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn, ó ń wo ẹrẹ̀, ó rò pé ó ti parí.

Lójijì, ìrù na omi, pàà! Ẹrẹ̀ ta sí i lójú, ta sí i lẹ́nu.

Láníyọnu bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ó kí ọ! O ò ní dá a lóhùn ni?"

Omíṣadé ti gbé ìkòkò padà sórí, ó ti ká aṣọ sókè, ó sì ti ki ẹsẹ̀ bọ odò. Àwẹ̀ró di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Níbo lò ń lọ? Ọ̀nà dà?"

"Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ tí ènìyàn ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í rọ̀ lábẹ́ omi. Ibi tó bá rọ̀, kì í ṣe ọ̀nà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, kí ibà tó mú wọn lọ. Nígbà tí odò bá kún, tí ẹ bá lọ sọ́jà, àwa méjèèjì a máa rìn ín. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ ò ní lè sùn."

Àwẹ̀ró dúró. Ó wo ọmọ yìí tí òun ti ń ṣọ́ bí ẹyin láti ọjọ́ yìí wá, ó sì rí i pé òun ti ń sẹ́ omi fún ẹja. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ìka kan, ìka kan.

"Ó dáa. Máa lọ níwájú. Ibi tí o bá tẹ̀ ni mo máa tẹ̀."

Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, níbì kan ó dé àyà. "Ó le!" ni Omíṣadé yóò kígbe, wọ́n a tẹ̀ ẹ́. "Ó rọ̀!" wọ́n a yà. Ìkòkò kò mì. Láníyọnu tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ebúté fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù orí rẹ̀ mú, ó ń tẹ ibi tí wọ́n tẹ̀. Àwẹ̀ró, ọmọ ọ̀dàn, la Ọ̀létè kọjá lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá yọ nínú omi.

Àwọn ará Ìsun kò retí wọn mọ́. Wọ́n ti gé ọparun, wọ́n ti tò ó jọ sí bèbè láti fi dí odò. Olójú-omi, àgbà tó ń ṣọ́ ìsun, wo inú ìkòkò, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ṣé ẹrẹ̀ lẹ rù wá fún wa?"

Omíṣadé kúnlẹ̀, ó rọra da ìkòkò sínú ìsun. Omi náà pọ́n bí osùn. Gbogbo ènìyàn na ọrùn. Odò gbá ẹrẹ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ibẹ̀ fi mọ́. Àrọ̀ náà dúró sínú rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń tú jáde, ojú rẹ̀ méjèèjì ń dán, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń fẹ́.

Olójú-omi fi ọwọ́ lé ẹnu. "Irú omi yìí! Mo ti dàgbà níhìn-ín, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Báwo ló ṣe là á já?"

Àwẹ̀ró ló dáhùn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Ẹja kọ́ ló ń wò. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Odò kún, Bàbá. Ó kún bo igi, ó kún bo ọ̀nà, ó sì kún bo èmi ìyá rẹ̀ lójú. Ti ẹja nìkan ni kò lè bò."

Àgbà náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọparun tí wọ́n gé, wọ́n fi kọ́ àgọ́ fún àwọn àlejò.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ebúté, àwọ̀n ti kúrò lábẹ́ adìẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá fọ̀rọ̀ lọ Àwẹ̀ró pé iṣẹ́ báyìí ti pọ̀ jù fún ọmọ òun, ọ̀rọ̀ tó sọ ní Ìsun ló máa ń tún sọ, títí gbogbo ìyá tó wà létí odò náà fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn àgbà sì sọ ọ́ dòwe tí a ń pa títí dòní pé: odò kì í kún bo ẹja lójú.