Ohùn Inú Ìkòkò Aró

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, a sì ń pa á bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ṣùgbọ́n ta ló mọ àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní wèrè? Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Láyé àtijọ́, obìnrin kan, Àwẹ̀ró, ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìdí aró kan, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ìkòkò méje ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí olorì gba aṣọ ọdún, bí aṣọ náà kò bá sì dú dáadáa, oyè bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró nìyẹn. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni Ìyá Láoyè, àgbà ibẹ̀. Láràárọ̀, nínú kùrukùru ọyẹ́, màmá yìí á kúnlẹ̀ ti ìkòkò kọ̀ọ̀kan, á lẹ etí mọ́ ọn, á sì pe obìnrin tó kọ́kọ́ ni ín lórúkọ. Gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló ti kú. Á tẹ́tí sí i, á wá ní, “Hẹ̀n-ẹ́n,” bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró gbọ́ tó pe orúkọ ìyá òun sínú ìkòkò, orí rẹ̀ wú.

“Wèrè ti wọ ìdí aró!” ló pariwo. “Ìyá, ẹ máa lọ sílé yín!”

Màmá gbọn eérú orúnkún rẹ̀ dànù, ó sì kọrí sílé.

Lọ́jọ́ kẹta tí màmá lọ ni aró bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó jáde ní àwọ̀ eérú. Òórùn òkú gba gbogbo ibẹ̀. Aró tó máa ń dún pọ̀ọ́pọ̀ọ́ bí ẹni ń mí lábẹ́ omi dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ìkòkò ìyá Àwẹ̀ró nìkan. Ìyẹn náà ń mí gúlegúle bí aláìsàn. Àwẹ̀ró kò lè sún mọ́ ọn, ẹkún ló ń sun.

Ibẹ̀ ni Àyìnkẹ́ bá a, aláró láti ìlú mìíràn tó wá ra ewé ẹ̀lú tí a fi ń ṣe aró.

“Ta ní ń fetí sí aró fún yín?” ni Àyìnkẹ́ bi í. “Etí la fi ń mọ̀ bí ebi bá ń pa aró, ká tó bu omi eérú sí i. Àgbà ló ń ṣe é níbi tiwa. Ṣé ẹ ò ní àgbà ni?”

Àwẹ̀ró ká ọwọ́ lérí. “A ní. Wèrè ni mo pè wọ́n. Orúkọ òkú tí wọ́n ń pè wá ńkọ́?”

“Ìyẹn ni mi ò mọ̀.”

Àwẹ̀ró sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Láoyè. “Ẹ dárí jì mí, ìyá mi. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ wa?”

“Ìyá rẹ bi mí léèrè, mo sì kọ́ òun. Ìwọ ò bi mí rí, ẹ̀rín lò ń fi mí rín. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá kọ́ ọ tán, o ó lé mi. O ò tiẹ̀ tíì kọ́ iṣẹ́ náà tí o fi lé mi.”

Ìtìjú bo Àwẹ̀ró. “Orí ìjókòó mi ni kí ẹ máa jókòó sí, kí ẹ máa kọ́ gbogbo wa.”

Wọ́n jọ padà. Màmá bu omi eérú sínú ìkòkò tó kù, ó fa etí Àwẹ̀ró mọ́ ọn. “Pè é.”

Àwẹ̀ró pe ìyá rẹ̀. Nǹkan kan mí kanlẹ̀ lábẹ́ aró, ó sì kì í ní oríkì rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ nìkan ṣe ń kì í.

“Dá a lóhùn,” ni Ìyá Láoyè wí. “Aró tí a kò bá dá lóhùn ló ń kú.”

“Hẹ̀n-ẹ́n,” ni Àwẹ̀ró dáhùn. Inú ìkòkò kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti pa aṣọ olorì láró, ó dú, ó ń dán. Láti ìgbà náà ni àwọn aláró ti ń sọ pé ká ní ọgbọ́n Àyìnkẹ́ ti tètè dé ni, wọn kì bá tí pe àgbà ní wèrè. Bí ẹnìkan bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín nítorí pé kò yé e, àwọn àgbà á pa òwe náà fún un: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ẹni náà ń gbọ́.