Fọ́tò Mopélọ́lá

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn tó pa òwe yìí ò ní fóònù o.

Nínú ẹgbẹ́ abiyamọ orí ayélujára, ìmọ̀ràn ọmọ títọ́ tí Ìyá Mopélọ́lá ń kọ ni gbogbo ìyá ń kà. Ti Ìyá Gbóyèga, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń kà á, tipátipá. Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ kan, ó rí Mopélọ́lá tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí bisikíìtì. Ó ya fọ́tò, ó gbé e sínú ẹgbẹ́: “Ẹ wá wo ọmọ olùkọ́ wa!”

Ìyá Mopélọ́lá fi fọ́tò náà ṣáájú ìmọ̀ràn tuntun: “Ẹ ṣeun, Ìyá Gbóyèga. Tèmi náà ń yí mọ́lẹ̀ o. Ohun tí mo ṣe nìyí.” Kò tíì kọ èyí táwọn èèyàn kà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ Ìyá Gbóyèga kà á tán, ó gbójú sókè kúrò lórí fóònù. “O mà mọ fọ́tò yà o! Kí ló dé tó o fi ń kọ̀wé?”