Ẹṣin Balógun Kò Mu Omi

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun ìyanu: ẹṣin tó bí òwe náà kò sáré rárá. Ó dúró ni.

Ní ìlú Ọ̀dàn, bí ọdún bá pé, gbogbo ẹlẹ́ṣin a máa fún ẹṣin wọn lómi nínú ọpọ́n ìrókò kan ṣoṣo níwájú ààfin. Ẹṣin Balógun ni í kọ́kọ́ mu, tàwọn yòókù a tẹ̀ lé e. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ kò bá mu, ọlọ̀tẹ̀ ni wọn yóò kà á sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún kan, Balógun Láyọọ̀nú ń fi etí agbádá nu ikun nímú ẹṣin rẹ̀, ni Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá yọ sí i.

"Baba Àlàdé, ẹ̀ ń nù ún, ó ń dà. Kókó abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ńkọ́, ẹ ó nu ìyẹn náà?"

"Òtútù lásán ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi wí. Omi kan náà ni gbogbo ẹṣin ilé wa jọ mu. Kí oṣù tó lé, ìjánu nìkan ló kù lára ògiri."

Balógun gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

Níwájú ààfin, àwọn ẹlẹ́ṣin ti tò sẹ́yìn rẹ̀, ọba sì ń wò. Òùngbẹ ń gbẹ ẹṣin náà. Ó na ọrùn sí omi. Ó kù díẹ̀ kí ikun imú rẹ̀ kán sínú ọpọ́n. Balógun fa ìjánu.

Ọ̀jẹ́lérè, igbákejì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sá fógun, ẹ wá ń sá fómi?"

Ẹ̀rín sọ lójúde. Ojú ọba le. "Láyọọ̀nú, ṣé a kò jọ ń mumi mọ́ ni?"

Balógun ké pe Ẹlẹ́dàá nínú ọkàn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, bí ẹ bá fẹ́, ẹ gba oyè yín. Ẹṣin mi ń ṣàìsàn, àìsàn tó ń ràn sì ni. Bó bá fẹnu kan omi yìí, ẹṣin Ọ̀dàn tán."

Ó dìde, ó ń fa ẹṣin rẹ̀ lọ sẹ́yìn odi, níbi tí ẹṣin mìíràn kì í dé.

Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu Ọ̀jẹ́lérè. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. "Kábíyèsí, tèmi náà ti ń wúkọ́ láti ìjẹta." Ó fa tirẹ̀ tẹ̀ lé Balógun. Ẹlòmíràn sọ̀ kalẹ̀, òmíràn tún sọ̀. Wọ́n ti ń fi àìsàn ẹṣin wọn pamọ́ tipẹ́.

Ọba ní kí wọ́n da omi ọpọ́n náà nù, kí olúkúlùkù máa fi igbá tirẹ̀ bomi fún ẹṣin rẹ̀.

Ẹṣin Balógun kú sẹ́yìn odi, Àyìnkẹ́ sì bá ọkọ rẹ̀ sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé àwọn yòókù, lẹ́nu ẹṣin ni ìjánu wà, kò sí lára ògiri.

Nítorí náà, ìwọ tí Ọlọ́run fi síwájú, rántí Ọ̀dàn: ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bó bá sì dúró, òun náà ni wọ́n ń wò dúró.