Àwọn Lámilámi Orí Ìgèrè

Ọkùnrin kan wà tó ń dáko àgbàdo lẹ́bàá odò kékeré kan. Láràárọ̀, kó tó mú ọkọ́, á jókòó sórí òkúta, á máa jẹ ẹ̀kọ, á sì máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń wọ inú omi lọ gbé ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja. Ọrùn ìgèrè náà máa ń yọ síta, àwọn lámilámi á sì bà lé e. Obìnrin náà kì í lé wọn.

"Bàbá Àyìnkẹ́," ni yóò wí, "àwọn wọ̀nyí ti kí mi káàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ wà lẹ́nu mi."

Epìyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń bá nínú ìgèrè. Ó tó ọbẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Lọ́dún kan, kòkòrò jẹ àgbàdo rẹ̀ láti gbòǹgbò. Ẹni tó ń ta irúgbìn gbé tuntun wá, èyí tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò kùn lára, tó pọ́n bí osùn. Ọkùnrin náà gbìn ín, ó sì ṣan igbá tó fi kó o sínú odò. Omi pọ́n díẹ̀, ó tún mọ́.

Àyà rẹ̀ já. Nígbà èwe rẹ̀, wọ́n máa ń gún ewé kan dà sínú odò láti fi pa ẹja, ẹja á sì ti léfòó kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà, ó jókòó ti omi títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹja kankan tó léfòó. Ó dìde, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àgbàdo ọdún náà yọmọ dáadáa, ó sì ń gbin irúgbìn pupa náà lọ́dọọdún. Òjò ń fọ oògùn inú ilẹ̀ lọ sódò, kò sẹ́ni tó rí i.

Lọ́dún kẹta, ìyàwó rẹ̀ dúró nínú omi, ó ń wo ìgèrè.

"Bàbá Àyìnkẹ́, lámilámi ò wá mọ́."

"Ṣé lámilámi lo fẹ́ fi sebẹ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ inú omi ni lámilámi ti ń dàgbà kó tó lè fò, òun àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ. Oògùn tó ń pa kòkòrò oko kò mọ̀ pé òun ti kúrò lóko. Nígbà tó yá, epìyà di méjì, ó di ẹyọ kan tó rù hangogo. Ebi ló ń pa àwọn ẹja náà, ẹja tí ebi sì ń pa kì í léfòó pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tí àìsàn dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, kò bèèrè ju omi ọbẹ̀ ẹja odò wọn lọ. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dẹ ìgèrè fún ọjọ́ mẹ́rin. Ewé ló bá nínú rẹ̀. Ó ra ẹja yìnyín lọ́jà, ó sè é. Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó wojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ó dùn."

Ó sì gbé abọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí o ti ṣe ohun kan, tí o wò yíká tí o kò sì rí òkú kankan, má tíì dìde lẹ́bàá omi. Bi ẹni tó ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ohun tí kò rí mọ́. Bó bá dá ọ lóhùn, má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Odò náà ṣì ń ṣàn, ó mọ́ gaara. Ìgèrè obìnrin náà wà lára ògiri, ó ti gbẹ.