Ìdánwò Mẹ́sàn-án Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí òṣùpá lè rí ojú yín. Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó balẹ̀ sórí ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́.

Nílé ìwé àwọn ẹranko, ó kéré tán, iṣẹ́ mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìdánwò. Mẹ́ta náà ni ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ yàn. Ìyá rẹ̀ yarí.
“Ọmọ Ehoro ń ṣe mẹ́fà! Mẹ́sàn-án nìwọ máa ṣe!”
Ló bá ń kọrin kiri:
Mẹ́sàn-án lọmọ mi ń ṣe!
(Ẹ gbè é: Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́!)

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ náà gbẹ́ ilẹ̀, èékánná rẹ̀ kán. Ó wẹ odò, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nígbà tó kan gígun igi, iṣẹ́ tí wọ́n bí mọ́ ọn, ó já bọ́ níṣojú gbogbo wọn.
“Ẹ má bínú, Màmá. Mo dójú tì yín.”
Ojú ti ìyá náà débi pé ó fi ìrù bo ojú. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjú sí Erin, olùkọ́ wọn.
“Olùkọ́, èmi ni kí ẹ fún ní òdo. Mẹ́ta lọmọ yìí yàn.”

Ibẹ̀ lẹnu mi dúró sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi kọ oúnjẹ lọ́la.